Ẹni Tí Wọ́n Ń Sanwó Fún Kó Má Parí Eré

Orúkọ mi ni Waliyat. Aṣọ ni mò ń rán ní Làǹgbàsà, ní Ajáh, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Ìmọ́lẹ̀ Òkè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mùsùlùmí ni mí, mò ń kírun ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́, ṣùgbọ́n nínú aṣọ mẹ́wàá tó bá jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mẹ́jọ nínú rẹ̀, sùtánà ni. Ọlọ́run tó mọ ibi tí mo ti ń jẹun kò bínú, kí ẹlòmíràn má ṣe bá mi bínú. Mo mọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà débi pé mo mọ ẹni tó máa ń sanra nígbà ààwẹ̀.

Lára wọn ni Olúdélé Àyànṣọlá, ọmọ Ìyá Délé tó ń ta ẹja inú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ Délé ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, àti nítorí pé àwọn ará àdúgbò kì í sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n máa ń fi irọ́ kún un. Òtítọ́ rẹ̀ nìkan sì ti tó ẹ̀rín rín.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Délé nígbà náà. Ó ga, ó tínrín. Tó bá dúró ti òpó iná, òpó iná lẹ máa kọ́kọ́ kí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni eré sísá. Kì í ṣe eré ọgọ́rùn-ún mítà, èyí tó máa ń tán kí èèyàn tó sín. Eré ọlọ́nà jíjìn ni tirẹ̀, kìlómítà méjìlélógójì àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé kí èèyàn fi ẹsẹ̀ sá láti Ajáh dé Lẹ́kkí Phase 1, kó sá padà wálé, kó tún wá rántí pé òun gbàgbé nǹkan sọ́nà.

Iṣẹ́ yìí kò yé ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Wọ́n á ní, "Délé, kí niṣẹ́ rẹ gan-an?" Á ní, "Eré ni mò ń sá." Wọ́n á ní, "A ti mọ ìyẹn. Iṣẹ́ ńkọ́?"

Èmi náà bi í lọ́jọ́ tó gbé ṣòkòtò eré kan wá pé kí n bá òun dín ìbàdí rẹ̀ kù. Mo ní, "Délé, ẹ̀bùn owó tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò yẹn, ṣé ó máa ń kàn ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Waliyat, àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà ló ń kó o. Wọ́n á wọ bàálù wá ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á sá a ní Sátidé, tó bá fi máa di Sọ́ńdè wọ́n ti ń jẹun nílé ìyá wọn. Àwa tó kù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi inú ọ̀rá ló ń kàn wá."

"Kí wá lò ń jẹ?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé mi, èmi náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ bàtà kan ń fún òun ní bàtà eré mẹ́ta lọ́dún. Òun á wọ ọ̀kan gbó, òun á ta méjì. Ó ní Ọ̀gá kan tún wà ní Phase 1, Ọ̀gá Dàmọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ikùn Ọ̀gá yìí máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó gba Délé pé kó máa kọ́ òun ní eré sísá láràárọ̀. Oṣù kan péré ló fi sá a. Láti ìgbà náà, aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń nà sí Délé láti ojú fèrèsé: "Délé, jọ̀ọ́, bá mi gbé aago yìí sá kìlómítà mẹ́wàá." Aago náà á ròyìn fún fóònù, fóònù á ròyìn fún gbogbo ọ̀rẹ́ Ọ̀gá. Délé bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun rọra sá a, kó lè jọ eré ẹni tó níkùn. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ ìtìjú. Nígbà tí ọdún parí, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ fún Ọ̀gá Dàmọ́lá ní ife-ẹ̀yẹ pé òun lẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù láàrin àwọn àgbà.

"Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi gan-an," Délé ní, "ehoro ni."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀.

Ó ní àwọn tó ń ṣètò eré máa ń fẹ́ kí eré náà yá, kí ìròyìn rẹ̀ lè tàn. Wọ́n á wá wá ẹnìkan tí yóò máa sá níwájú gbogbo wọn, lórí ìwọ̀n tí wọ́n bá fún un. Kò gbọdọ̀ yá jù, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Òun ni atẹ́gùn á máa lù, àwọn tó wà lẹ́yìn á fara pamọ́ sí i lẹ́yìn. Tó bá di ọgbọ̀n kìlómítà, ehoro á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á jókòó, á máa mu omi. Àwọn yòókù á wá bá ara wọn du ipò.

"Wọ́n á sì sanwó fún ọ pé o jókòó?"

"Ó ju owó ẹni tó ṣe ipò kẹwàá lọ, Àǹtí."

Ó yé mi yékéyéké. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló bà mí lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn náà.

Ẹni tí kò yé ni ìyá rẹ̀. Mo ní tẹlifíṣàn kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni Ìyá Délé ti ń wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé eré hàn lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Délé wà níwájú. Ìyá Délé á fi ẹja sílẹ̀ fún eṣinṣin, á máa lù mí léjìká: "Waliyat, wò ó! Ó fi àwọn òyìnbó dúdú yẹn sẹ́yìn!" Àwọn ará Kẹ́ńyà ló ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, tó bá di ọgbọ̀n kìlómítà, Délé á gbọ́wọ́ sókè, á yà, á jókòó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ariwo tí ìyá rẹ̀ pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn sáré wá pé olè jà wá.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò pariwo mọ́. Ó kàn ká ọwọ́ lérí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú ṣe mí. Obìnrin kan tó wá ra ẹja tún ní, "Ìyá Délé, ọmọ yín yìí, ṣé ẹnìkan ń pè é lẹ́bàá ọ̀nà ni?"

Nígbà tí Délé dé, ìyá rẹ̀ fi í jókòó níwájú mi. "Olúdélé, kí ló dé tí o kì í parí?"

"Màámi, iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní kí n dúró ni mo ṣe dúró."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń sanwó fún èèyàn pé kó má parí rẹ̀? Tí Waliyat bá rán aṣọ tó ku apá kan, ṣé wọ́n á sanwó rẹ̀ fún un?"

"Màámi, ehoro ni mí."

"Èmi kò bí ehoro! Èèyàn ni mo bí, wákàtí mẹ́rìndínlógún ni mo fi rọbí rẹ, mo sì parí rẹ̀!"

Ó dìde, ó lọ bá Wòlíì Clement.

Wòlíì Clement ni olórí ìjọ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ńlá Lẹ́kkí, òun ló ń júwe ibi tí wọ́n á gbé kọ̀ǹténà sí. Bóyá torí èyí ni kọ̀ǹténà kì í fi í tán nínú ìran rẹ̀. Àgàn tó wá bá a, wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́ inú kọ̀ǹténà. Ẹni tó ń wáṣẹ́, ìwé rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹténà. Bí Ìyá Délé ṣe kúnlẹ̀, Wòlíì dijú, ó mi orí.

"Màmá, mo rí ẹsẹ̀ méjì."

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni, Bàbá."

"Mo rí kọ̀ǹténà."

"Hẹ̀ẹ́!"

"Ẹ̀mí àṣetì ni, Màmá. Ó ti dúró dè é ní ọgbọ̀n kìlómítà. Gbogbo ìgbà tó bá ti débẹ̀, ó máa ń fà á jókòó. Ibi tó jókòó sí yẹn gan-an la ti máa bá a jà."

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, eré tuntun kan ń bọ̀ ní ojú ọ̀nà tiwa. Àǹtí kan tó ń jẹ́ Olúwaṣíjibòmí ló ṣètò rẹ̀, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Igbó Ẹfọ̀n. Ó ti sọ fún Délé pé tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa níbẹ̀, òun yóò fi í ṣe olórí ehoro fún odindi ọdún kan, eré márùn-ún, méjì nínú rẹ̀ lókè òkun. Ọmọ náà kò lè sùn. Ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ ni.

Ìyá rẹ̀ kò mọ èyí. Ó pè é, ó ní, "Mo ti pinnu. Tí o bá parí eré tó ń bọ̀ yìí, máa sáré rẹ lọ, n kò ní dá ọ dúró mọ́. Tí o kò bá parí rẹ̀, ní ọjọ́ Ajé, o máa bá Wòlíì lọ sí èbúté, wọ́n á fún ọ ní iṣẹ́ tó lórí tó nídìí."

Délé ní, "Màámi, tí mo bá parí rẹ̀, iṣẹ́ mi ló parí."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀mí yẹn ló ń sọ̀rọ̀."

Ìgbà yìí ló yẹ kí n la ẹnu mi. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni Délé ń sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Ìyá Délé wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ funfun, ó ní Wòlíì sọ pé sùtánà tuntun ni àwọn tó máa lọ dúró ní ọgbọ̀n kìlómítà gbọ́dọ̀ wọ̀, èèyàn mẹ́rìnlélógún, kí n má sì sọ fún Délé. Aṣọ mẹ́rìnlélógún! Láti ìgbà Ọdún Iléyá, n kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ẹnu mi pa, mo ki owú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ bú mi, mo gbà.

Ọjọ́ Sátidé dé. Phase 1 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ní aago méje, wọ́n á kọ́kọ́ yí àwọn àdúgbò ibẹ̀ ká, wọ́n á wá sá lójú títì ńlá dé Ajáh, wọ́n á yípo padà sí Phase 1. Igbó Ẹfọ̀n ni ọgbọ̀n kìlómítà bọ́ sí lápadàbọ̀. Àwọn ará Ìmọ́lẹ̀ Òkè ti tò síbẹ̀ láti aago mẹ́fà, funfun báláú, pẹ̀lú agogo, àbẹ́là, tùràrí, àti ìgò omi àdúrà. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti owú, bí okùn ẹnìkan bá tú.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àbọ̀, oòrùn ti ń jó ọ̀dà ojú títì. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń sọ èkejì kalẹ̀, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń sọ ọ́. Àwọn tó ń wòran rò pé ẹ̀mí ti gbé wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Obìnrin kan tiẹ̀ bọ́ sí àárín wọn, ó ń jó.

A wá gbọ́ fèrè àwọn ọlọ́pàá orí alùpùpù. Délé yọ, ẹ̀wù onílà dúdú àti funfun lọ́rùn rẹ̀, ó ń sá lọ geere, ojú rẹ̀ balẹ̀. Àwọn márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn láti rí i. N kò tíì rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ́ báyẹn rí. Ó gbọ́wọ́ sókè láti fi hàn pé òun ń yà. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ló bá rí èèyàn mẹ́rìnlélógún nínú aṣọ funfun, ìyá rẹ̀ níwájú.

Agogo dún. Gbogbo wọn di ọwọ́ ara wọn mú, kò sí àyè tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá. "Má yà! Má yà! Má yà!"

"Ẹ yà fún mi! Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣe tán!"

"O kò tíì ṣe tán lórúkọ Olúwa!"

Délé sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wá àyè, kò rí. Lápá kejì, ògiri tó pín títì sí méjì ló wà níbẹ̀. Wòlíì Clement bọ́ síwájú, ó na ìgò omi àdúrà sókè láti dà á sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ará Kẹ́ńyà ti rò pé àwọn tó ń pín omi ni wọ́n, ó ṣáà rí aṣọ kan náà lọ́rùn gbogbo wọn. Ó já ìgò gbà lọ́wọ́ Wòlíì, ó mu ún dé ìdajì, ó da ìyókù lé orí ara rẹ̀, ó na ọwọ́ dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu Wòlíì kò padé. Ó mú ìgò kejì, ó fi ìtara dà á, ó bọ́ sójú ará Etiópíà kan.

Délé wá ń falẹ̀, ó fẹ́ dúró sójú títì níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i. Obìnrin ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta yìí já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ká sùtánà rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó bọ́ sí títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà gbígbóná.

"Délé! Má dúró! Mo wà lẹ́yìn rẹ!"

"Màámi, ẹ padà! Ẹsẹ̀ yín!"

"Tí o bá dúró, n kò ní dúró!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi! Mo ń lọ, mo ń lọ, mo ti ń lọ! Ẹ sáà dúró!"

Ó sì lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i. Nítorí kí ìyá rẹ̀ lè dúró ló ṣe sá.

Ẹsẹ̀ Délé ti gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn ọgbọ̀n kìlómítà, torí ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní nígbà tó di kìlómítà kẹtàlélọ́gbọ̀n, orúnkún òun bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun léèrè ibi tí àwọn ń lọ. Ní kìlómítà kẹrìndínlógójì, ìrìn ló kù. Mo bi í ìdí tí kò fi yà nígbà tí ojú ìyá rẹ̀ kò tó o mọ́. Ó ní òun ti sọ fún un pé òun ń lọ. Àwọn tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sáré, àwọn tó ń sá a fún ìgbádùn, gbogbo wọn kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ta ló tún yọ lẹ́yìn? Ọ̀gá Dàmọ́lá, tó ń sá eré kékeré ti kìlómítà mẹ́wàá láti òwúrọ̀, tí ibi tí eré méjèèjì parí sí sì jẹ́ ọ̀kan náà. "Coach! How far? Mo ti lé ẹ bá o!" Ó ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú Délé lẹ́yìn, ó gbé e sórí fóònù pé òun ti fi ẹ̀yìn olùkọ́ òun balẹ̀.

Ipò igba ó lé mọ́kànlá ni Délé gbà. Ìyá rẹ̀ ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn, obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń jó, ó ń fi í han àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí: "Ọmọ mi ni! Ó parí! Ó parí o!" Délé kàn ń wá omi tó máa mu.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé ará Kẹ́ńyà tó mu omi àdúrà ló gba ipò kìíní. Àwọn kan ní àdúrà kò gbà. Wòlíì ní ó gbà, ibi tó ń lọ ló ṣì í.

Ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí Ṣíjibòmí pe Délé sórí fóònù. Ará Etiópíà náà ti kọ̀wé pé ehoro kò yà níbi tó yẹ kó yà, àwọn ẹbí rẹ̀ sì da nǹkan sí òun lójú. Àǹtí ní òun ti yọ orúkọ Délé kúrò lára àwọn ehoro. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gá Dàmọ́lá ní ẹni tí òun lé bá kò lè kọ́ òun mọ́. Báyìí ni eré tí Délé parí ṣe parí gbogbo nǹkan.

Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi sọ fún Wòlíì pé mo ń bọ̀ ní èbúté." Wọ́n fún un ní àkẹtẹ̀ líle àti bàtà onírin, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka nọ́ńbà ara kọ̀ǹténà. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rán an ní búrẹ́dì, sísá ló ń sá lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Á jí ní ìdájí bó ṣe máa ń jí tẹ́lẹ̀, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa wo títì títí bọ́ọ̀sì èbúté á fi dé. Kì í jẹun tán mọ́.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Délé wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó lórí àpò aṣọ. "Waliyat, mo ń sọ ọmọ mi nù nínú ilé."

Ojú tì mí. Mo ní, "Ìyá Délé, òtítọ́ ló sọ fún yín. Mo mọ̀. Mo mọ̀ kí ẹ tó gbé aṣọ wá." Mo sì fi fóònù mi han án, eré kan tí wọ́n sá lókè òkun. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù onílà tí àwọn ehoro ń wọ̀ wà níwájú, ó yà, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n parí, ẹni tó gba ipò kìíní wá a lọ síbi tó wà, ó dì mọ́ ọn.

Ó ní kí n tún fi han òun. Mo tún fi hàn án. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ó ní, "Iṣẹ́ ni, àbí?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

Mo rò pé á bú mi. Ó bú mi lóòótọ́, ó bú mi títí dé ìran mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó gba ilé Wòlíì lọ, mo tẹ̀lé e.

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀mí àṣetì tí a lé lọ yẹn, a fẹ́ kó padà."

Wòlíì na ọwọ́ sórí. "Màmá! A kì í dá a padà!"

"Ẹ bá mi wá a níbi tí ẹ lé e sí. Ṣé kì í ṣe inú kọ̀ǹténà ni?"

Wòlíì dijú díẹ̀. "Màmá, kọ̀ǹténà yẹn ti lọ. Ọkọ̀ ojú omi ti gbé e."

Ìyá Délé kúrò níbẹ̀ láìkí i. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ sùtánà rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ní Igbó Ẹfọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí táìlì dídán. Àǹtí Ṣíjibòmí rí aṣọ funfun, ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá. Ìyá Délé gbé mẹ́dàlì lé orí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ gba nǹkan yín. Ọmọ mi kò parí. Ẹ bá mi pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ó parí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọ́n sọ fún mi pé ó parí."

"Èmi ni mo sá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà ńbẹ̀, èmi ni mo sá a. Ẹ̀yin ní kó dúró, èmi ní kó máa lọ, mo sì ń sá lórí iná nítorí rẹ̀. Ọmọ wo ló máa dúró? Ẹ wò ó, ẹni tó lè gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú, tí ẹ bá ní kó dúró lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣé kò ní dúró?"

Àǹtí náà wo mẹ́dàlì, ó wo ẹsẹ̀ Ìyá Délé. "Màmá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ pé àwọn parí, nígbà tí wọn kò parí. Ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró mọ́, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun yóò fún Délé ní eré kan, kan ṣoṣo, ní Ìbàdàn, bí kò bá ti sí ẹnìkankan nínú aṣọ funfun lójú ọ̀nà. Ìyá Délé búra. Mo bá a búra, èmi tí mo máa pàdánù aṣọ rírán.

Délé lọ sí Ìbàdàn. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n wá. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, èmi nìkan ni mo wọ hìjáàbù. Ìyá Délé bọ́ síwájú, Délé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga, ó tẹ orí ba.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ó ní. "Ọmọ mi Olúdélé lọ sá eré ní Ìbàdàn. Ó wà níwájú gbogbo wọn."

"Halelúyà!" ìjọ dáhùn.

"Atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú, kò yẹsẹ̀."

"Halelúyà!"

"Nígbà tó wá di ọgbọ̀n kìlómítà..." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mí sínú. "Ó yà! Ó jókòó! Kò parí o!"

Ẹni tó di agogo mú kò mọ̀ bóyá kó lù ú. Wòlíì Clement ń wo òkè àjà. Ìyá Délé dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èmi Waliyat, ọmọ Áfà, mo dìde lẹ́yìn níbẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi ké e: "Halelúyà!"